Ìkórìíra Tí Ó Wà Nínú Àpótí Ìbò Ìlú Ọba

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa Yorùbá tí a ń gbé Ìlú Ọba fẹ́ràn láti máa sọ bí a bá pàdé níbi ìkómọjáde tàbí níbi òkú ṣíṣe, pàápàá bí ìròyìn ìdìbò bá ti ilé dé pé wọ́n sun ilé, wọ́n sì ṣá ènìyàn ládàá. A ó ní, 'Ẹ wo Òyìnbó! Wọn a dìbò lónìí, ẹni tí ó fìdí rẹmi a kí ẹni tí ó borí kú oríire, ọkọ̀ akẹ́rù a kó ẹrù Olórí Ìjọba kúrò nílé lọ́jọ́ kejì, kò sí ẹni tí yóò bá ẹnìkejì jà.' Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Bí a bá tú ìtàn ìṣèlú ilẹ̀ yìí wò, a ó rí i pé kò sí ìgbà kan tí ìkórìíra ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ kò sí níbẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ó máa ń ṣí kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn, àti pé òfin ti kọ́ ọ láti wọ inú yàrá kékeré kan, kí ó mú pẹ́ńsùlù, kí ó sì dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á mú un láti orí orúkọ. Láàárín ọdún 1679 sí 1681, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Ilé Aṣòfin lórí bóyá kí James, àbúrò Ọba Charles Kejì, jọba tàbí kí ó má jọba, nítorí pé ẹlẹ́sìn Kátólíìkì ni. Àwọn tí kò fẹ́ kí ó jọba pe àwọn tí ó fẹ́ ẹ ní Tory, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ọlọ́ṣà inú igbó ní ilẹ̀ Ireland. Àwọn wọ̀nyí náà kò dákẹ́. Wọ́n pe alátakò wọn ní Whig, èyí tí í ṣe orúkọ ẹ̀gàn fún àwọn darandaran ilẹ̀ Scotland tí wọ́n ti ṣọ̀tẹ̀ nítorí ẹ̀sìn. Èébú lásán ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bú gbé èébú náà wọ̀ bí agbádá, títí di òní ni wọ́n sì ń pe ẹgbẹ́ Conservative ní Tory, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà sì ń jẹ́ ẹ. Àwọn àgbà wa tí ó bá rántí Ọlọ́pẹ, Alákùkọ àti Dẹ́mọ nílé kò nílò àlàyé. Bí orúkọ ẹgbẹ́ bá ti di ohun tí ọmọdé fi ń bú ọmọdé, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ètò ìjọba, ó ti di ti ìdílé.

Kí ó tó di ọdún 1872, gbangba ni wọ́n ti ń dìbò nílẹ̀ yìí. Wọn a kan pèpéle onípákó sí ojúde ọjà, olùdìbò a gun orí rẹ̀, a sì ké orúkọ ẹni tí ó fẹ́ fún akọ̀wé. Gbogbo ọjà ni ó ń gbọ́. Ẹni tí ó ni ilé tí ó ń gbé wà níbẹ̀, ẹni tí ó jẹ lówó wà níbẹ̀, ọ̀gá tí ó gbà á síṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn jàǹdùkú tí ẹgbẹ́ kejì ti rọ ọtí fún náà wà níbẹ̀. Bí ìdìbò bá sì parí, àwọn atẹ̀wé a tẹ ìwé jáde tí orúkọ olùdìbò kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí ó dìbò fún wà nínú rẹ̀, wọn a máa tà á fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lọ́wọ́.

Ní ìlú Newark, Dúúkù ti Newcastle ni ó ni ilé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé. Ní ọdún 1829 àwọn kan nínú àwọn ayálégbé rẹ̀ dìbò fún ẹni tí Dúúkù kò fẹ́. Ó lé wọn jáde. Nígbà tí ariwo pọ̀, ohun tí Dúúkù bi àwọn ènìyàn ni pé ṣé òun kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bí ó ti wu òun sí ohun tí í ṣe tòun ni. Lójú tirẹ̀, ilé, ayálégbé àti ìbò ayálégbé, dúkìá ni gbogbo wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1831, nígbà tí Ilé àwọn Lọ́ọ̀dù kọ òfin tí yóò tún ètò ìdìbò ṣe, Dúúkù wà lára àwọn tí ó takò ó jù lọ. Inú bí àwọn ará Nottingham. Wọ́n gun òkè lọ sí ilé ńlá tí Dúúkù ní síbẹ̀, wọ́n sì dáná sun ún. Ìjọba gba £21,000 fún Dúúkù gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú, wọ́n sì so ọkùnrin mẹ́ta kọ́ nítorí rògbòdìyàn ọjọ́ wọ̀nyẹn. Wẹ́tiẹ̀ tí ojú wa rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1965, Nottingham ti rí irú rẹ̀ ní ọdún 134 ṣáájú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé inú ẹ̀jẹ̀ Òyìnbó ni sùúrù ìdìbò wà, ẹ ní kí ó lọ sí Nottingham. Ilé náà ṣì wà lórí òkè, wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Òfin àtúnṣe náà wọlé ní 1832, ṣùgbọ́n ìbò gbangba kò kásẹ̀ nílẹ̀. Ogójì ọdún ni wọ́n tún fi jà lórí rẹ̀. Kì í ṣe àwọn onílẹ̀ nìkan ni ó sì fẹ́ kí ó máa bá a lọ. John Stuart Mill, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó gbà pé ó yẹ kí obìnrin dìbò nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹlẹ́yà, takò ìbò ìkọ̀kọ̀. Ó ní ohun tí ará ìlú fi síkàáwọ́ ènìyàn ni ìbò, ojú ará ìlú ni ó sì yẹ kí ó ti lò ó. Ọ̀rọ̀ gidi ni, bí gbogbo ènìyàn bá jẹ́ olómìnira. Ẹni tí ẹlòmíràn lè lé kúrò nílé kò ní irú ìgboyà bẹ́ẹ̀ láti fi ṣeré.

Ìlú Pontefract ní Yorkshire ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán ìbò ìkọ̀kọ̀ wò láti yan aṣòfin, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1872. Ìlú tí wọ́n ti ń ṣe súìtì dúdú pẹlẹbẹ kan ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìda di àpótí ìbò pa, òǹtẹ̀ tí ilé iṣẹ́ kan fi ń lu súìtì náà ni wọ́n yá lò. Àpótí ọ̀hún ṣì wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà. Àwa rò pé ohun kékeré yẹn ṣe ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fẹ́ràn alátakò rẹ̀. Ó kàn gba ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí yóò gbẹ̀san ni. Lẹ́yìn òfin mìíràn tí ó dín owó tí olùdíje lè ná kù ní 1883, ọtí ọ̀fẹ́ àti jàǹdùkú ọ̀fẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n.

Ìkórìíra wá wọ inú ipò tí ènìyàn wà láwùjọ. Ní ọdún 1900 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí ó di ẹgbẹ́ Labour sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ní 1918 gbogbo ọkùnrin tí ó ti pé ọmọ ọdún 21 gba ẹ̀tọ́ ìbò, àti àwọn obìnrin kan tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ní 1928 obìnrin àti ọkùnrin wá dọ́gba. Láti ìgbà yẹn, ẹni tí ń wa èédú, ẹni tí ń rọ irin, ẹni tí ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi, Labour ni; oníṣòwò ńlá, àgbẹ̀ olóko ńlá, ọ̀gá ilé ìfowópamọ́, Tory ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀délẹ̀, nítorí pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn òṣìṣẹ́ alágbára ni ó ń dìbò fún Tory láìwojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣe ń wo ara wọn.

Èébú kò sì gbẹ́yìn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1945, Winston Churchill sọ lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì pé bí Labour bá gba ìjọba, wọn kò ní lè ṣe é láìní irú ọlọ́pàá inú tí Hitler lò. Àwọn tí ó ń bú yìí ni ó jókòó tì í nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ní gbogbo ọdún ogun; Clement Attlee, olórí wọn, ni igbákejì rẹ̀! Ní oṣù keje, Labour gba àga 393. Ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní Manchester, ní ọjọ́ 4 oṣù keje 1948, tí ó ku ọ̀la kí ètò ìwòsàn ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Aneurin Bevan tí ó dá ètò náà sílẹ̀ sọ pé àwọn Tory rẹlẹ̀ ju eku àti kòkòrò ajẹnirun lọ. Kí ni àwọn Tory ṣe? Wọ́n dá ẹgbẹ́ eku sílẹ̀, wọ́n ń lẹ àmì rẹ̀ mọ́ àyà. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Margaret Roberts, tí ayé wá mọ̀ sí Thatcher, wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ Whig àti Tory náà nìyẹn: a bú wọn, wọ́n gbé e wọ̀.

Ní 1951, ó ju 96 lọ nínú ìbò 100 tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ méjèèjì yìí. Nígbà tí David Butler àti Donald Stokes bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí láàárín àwọn olùdìbò ní ọdún 1963, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tí bàbá àti ìyá bá wà ni ọmọ ń wà, bí ìgbà tí ènìyàn bá jogún oríkì. Ní 1964, ó ju mẹ́rin lọ nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó sọ pé tọkàntọkàn ni àwọn fi wà nínú ẹgbẹ́ tiwọn. Nígbà tí yóò fi di 2005, bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni ó kù. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé ìkórìíra ti tán. Ìfẹ́ ni ó tán.

Kí á tó lọ síbẹ̀, ó yẹ kí á sọ bí ogún yìí ṣe kan ilé tiwa. Ládìípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a mọ̀ sí WASU, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925. Ní oṣù kẹjọ 1941, lẹ́yìn tí Churchill àti Roosevelt ti kéde pé gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti yan ìjọba tí ó wù wọ́n, Attlee sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ WASU pé gbogbo ẹ̀yà ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà wà fún. Ní oṣù kẹsàn-án, Churchill sọ ní Ilé Aṣòfin pé àwọn orílẹ̀-èdè tí Hitler kó lẹ́rú ni òun ní lọ́kàn. Àwọn bàbá wa gbọ́ méjèèjì. Reginald Sorensen, aṣòfin Labour, di ọ̀rẹ́ WASU, a máa bá wọn gbé ọ̀rọ̀ wọn dé Ilé Aṣòfin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ Sorensen yìí, nítorí pé a ó tún pàdé rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìbò Labour ti dà bí ẹ̀sìn bàbá ẹni nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, tí a sì ń sọ fún ọmọ pé Tory kò fẹ́ràn wa.

Ọ̀rọ̀ kò wá rí tààrà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Smethwick, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ Birmingham, ní oṣù kẹwàá ọdún 1964. Jákèjádò ilẹ̀ yìí, ìbò ń yí sọ́dọ̀ Labour, ìyẹn ni Harold Wilson fi di Olórí Ìjọba. Ní Smethwick, ó yí padà sẹ́yìn. Peter Griffiths, ọmọ ẹgbẹ́ Tory, ní ìbò 16,690. Patrick Gordon Walker, tí ó ti ń ṣojú ìlú náà láti 1945, tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé òun ni Labour yóò fi ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, ní 14,916. Àwọn ará India àti Pakistan àti àwọn ará Karíbíánì ti wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ilé gbígbé sì wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan wá ń káàkiri ìgboro, tí ó ń bi olùdìbò bóyá aláwọ̀ dúdú ni ó fẹ́ ṣe aládùúgbò rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ bá ni, kí ó dìbò fún Labour. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò burú ju bí a ti sọ ọ́ yìí lọ, a kò sì ní tún un kọ síhìn-ín. Griffiths kọ̀ láti bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ó ní ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn ni.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó jẹ́ Labour láti inú wá ni ó dìbò yìí. Wọn kò di Tory. Ìkórìíra Tory tí wọ́n jogún ni kò tó ìkórìíra tuntun tí wọ́n rí. Ohun ẹ̀rín sì ni pé Gordon Walker tí wọ́n pè ní ọ̀rẹ́ aláwọ̀ dúdú ni mínísítà tí ó lé Seretse Khama kúrò ní Bechuanaland ní ọdún 1950 nítorí pé ó fẹ́ obìnrin Òyìnbó! Bí òṣèlú bá ti fún ènìyàn lórúkọ, kò sí ẹni tí ń bèèrè ìwà rẹ̀ mọ́.

Wilson bínú débi pé ó sọ ní Ilé Aṣòfin pé adẹ́tẹ̀ ni Griffiths yóò jẹ́ níbẹ̀ títí ará ìlú yóò fi dá a padà sílé. Ó wá fi Gordon Walker ṣe mínísítà bẹ́ẹ̀ náà, ó sì ní kí wọ́n wá àga fún un. Àga ta ni wọ́n gbà? Ti Sorensen, ọ̀rẹ́ WASU, ní Leyton, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n sọ bàbá náà di Lọ́ọ̀dù, wọ́n gbé e kúrò. Àwọn ará Leyton kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwọn ta tẹ́tẹ́, ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà sì tẹ̀lé ọkùnrin náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní 1965, ìbò 205 péré ni wọ́n fi lé e padà. Ní oṣù kejì, Malcolm X wá sí Smethwick láti fojú ara rẹ̀ rí òpópónà Marshall, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti fẹ́ máa ra ilé kí ó lè máa tà á fún Òyìnbó nìkan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni wọ́n pa á ní New York. Nígbà tí ìdìbò tún dé ní oṣù kẹta 1966, Smethwick padà sọ́dọ̀ Labour, Leyton náà sì gba Gordon Walker wọlé.

Ohun kan náà ni Enoch Powell fi hàn. Tory ni. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní Birmingham ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 1968 lòdì sí àwọn àjèjì, olórí ẹgbẹ́ rẹ̀, Edward Heath, yọ ọ́ kúrò lára àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́. Àwọn tí ó wọ́ lọ sí Ilé Aṣòfin láti gbè é lẹ́yìn ni àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Labour gidi. Labour kan náà tí a ń sìn ni ó ti ṣe òfin ní ọdún yẹn láti dá àwọn ará Éṣíà tí ń bọ̀ láti Kenya dúró, ó sì tún ṣe òfin lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ nídìí ilé àti iṣẹ́ nínú ọdún kan náà. Nígbà tí ó di oṣù kejì 1974, Powell fúnra rẹ̀ ní kí àwọn ènìyàn dìbò fún Labour, nítorí pé inú rẹ̀ kò dùn sí bí Heath ṣe mú ilẹ̀ yìí wọ ẹgbẹ́ ọlọ́jà Yúróòpù. Ẹni tí kò mọ̀ pé ìkórìíra lè gbé ènìyàn kọjá odò ẹgbẹ́, kí ó wo Powell.

Ìjà abẹ́lé sì burú ju ti ìta lọ. Bermondsey wà ní Southwark, ní ìtòsí Peckham tí Yorùbá kún inú rẹ̀. Bob Mellish ti ń ṣojú ibẹ̀ fún Labour láti 1946. Nígbà tí ó kúrò, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì yan Peter Tatchell, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ọsirélíà, Mellish gbè sẹ́yìn ẹlòmíràn tí ó pe ara rẹ̀ ní Labour tòótọ́. Wọ́n fi Tatchell bú, wọ́n ní ọkùnrin ni ó ń bá lòpọ̀, wọ́n pín ìwé kiri, wọ́n halẹ̀ mọ́ ẹ̀mí rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì 1983, Simon Hughes ti ẹgbẹ́ Liberal fi ìbò 9,319 borí níbi tí Labour kò ti rò pé òun lè ṣubú láyé. Ní 2006 Hughes tọrọ àforíjì fún apá kan nínú ìpolongo ìgbà náà, nígbà tí òun náà jẹ́wọ́ pé òun ti bá ọkùnrin lò rí.

Ìyanṣẹ́lódì àwọn awa-èédú ní 1984 sí 1985 àti owó orí tí Thatcher gbé kalẹ̀, a kò ní fa ọ̀rọ̀ wọn gùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa wà níbí, a san owó orí náà tàbí a sá fún un. Ohun tí ó kàn wá ni ohun tí ó tẹ̀lé e. Ìtìjú wọ orúkọ Tory débi pé àwọn tí yóò dìbò fún wọn kò jẹ́ sọ ọ́ jáde. Ní oṣù kẹrin 1992, àwọn tí ń ṣèwádìí èrò ará ìlú ń sọ pé ẹgbẹ́ méjèèjì ń du ara wọn tàbí pé Labour ń lé díẹ̀ níwájú. Ìbò mílíọ̀nù 14 àti díẹ̀ ni John Major ní, kò sì sí ẹgbẹ́ tí ó tíì ní tó bẹ́ẹ̀ rí nílẹ̀ yìí. Àwọn kan parọ́ fún oníwádìí, àwọn kan kò dá a lóhùn. Yàrá kékeré ti Pontefract ni ó gbọ́ òtítọ́.

Nínú ìdìbò kan náà ni Tory gbé John Taylor, agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú, kalẹ̀ ní Cheltenham, ìlú tí wọn kò tíì pàdánù láti 1950. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an kò fẹ́ ẹ, wọn kò sì fi bò. Ó fìdí rẹmi.

Nígbà tí ó di 1997, olùdìbò ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìbò léni. Ní Tatton, Labour àti Liberal Democrat yọwọ́ kí ẹnì kan ṣoṣo, oníròyìn Martin Bell, lè dojú kọ Neil Hamilton ti Tory tí ọ̀rọ̀ owó ti bà lórúkọ jẹ́. Ìbò 11,077 ni Bell fi borí. Ní gbogbo ilẹ̀ náà, ìbò Liberal Democrat dín kù sí ti 1992, síbẹ̀ àga wọn ti ogún kúrò, ó di 46! Àwọn ènìyàn kàn wo ẹni tí ó lè lé Tory àdúgbò wọn ni, wọ́n sì fún un ní ìbò. Láti ìgbà náà, kò rọrùn mọ́ láti ka ìbò sí ìfẹ́.

Ìbò bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ ti ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 2016, lórí bóyá kí ilẹ̀ yìí kúrò nínú àjọ Yúróòpù, wá fún ìkórìíra ní orúkọ méjì tuntun. Ará Faransé tí ó ti gbé Lọ́ńdọ̀nù fún ọgbọ̀n ọdún kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò náà. Ọmọ Nàìjíríà tí ó ní ìwé ìgbélùú lẹ́tọ̀ọ́, nítorí pé ọmọ Kọ́mọ́ńwẹ́lù ni. Mílíọ̀nù 17.4 ní kí á lọ, mílíọ̀nù 16.1 ní kí á dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, wọ́n pa Jo Cox, aṣòfin Labour, ní ìta gbangba ní Birstall. Ẹni tí ó pa á kà á sí ọ̀dàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan arọ́pò rẹ̀, Tory, Liberal Democrat àti UKIP kọ̀ láti bá Labour du àga náà. Ìwà ọmọlúwàbí ni, a kò gbọ́dọ̀ fojú fò ó.

Lẹ́yìn náà ni àwọn olùwádìí rí i pé àwọn tí ó ń pe ara wọn ní ará ìlọ tàbí ará ìdúró pọ̀ ju àwọn tí ó ń pe ara wọn ní ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan lọ, àti pé ìhà kọ̀ọ̀kan ń ka ara rẹ̀ sí olóòótọ́ àti ọlọ́gbọ́n, ó sì ń ka ìhà kejì sí àgàbàgebè àti anìkànjọpọ́n. Ìyẹn ni ó wó àwọn ilé àtijọ́. Bolsover, ìlú èédú, ní Dennis Skinner, awa-èédú fúnra rẹ̀, ní aṣòfin láti 1970. Ní 2019 wọ́n yan Tory. Sedgefield tí ó jẹ́ ti Tony Blair náà lọ. Ní ọdún márùn-ún péré, ní ọjọ́ 4 oṣù keje 2024, wọ́n tún lé Tory jáde: Labour gba àga 411 pẹ̀lú ìbò tí kò tó 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó tíì fi ìbò kékeré tó bẹ́ẹ̀ gba ìjọba ńlá bẹ́ẹ̀ rí. Labour àti Tory pọ̀, wọn kò tó 58 nínú ìbò 100, àwọn tí ó sì jáde wá dìbò jẹ́ bíi mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Àwọn kan pè é ní ìṣẹ́gun ńlá. Lójú tiwa, ìléni ni.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Tory yan Kemi Badenoch, tí orúkọ bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Adégòkè, tí wọ́n bí sí Wimbledon, tí ó sì dàgbà ní Èkó, láti jẹ́ olórí wọn. Ìbò 53,806 ni ó ní, Robert Jenrick ní 41,388. Ọgọ́ta ọdún ni ó wà láàárín Smethwick àti ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn kò ti tán láàárín wa. Àwọn kan ní ọmọ wa ni, kí á gbè é. Àwọn kan ní ohun tí ó ń sọ nípa ilé kò dára, kò sì yẹ kí Yorùbá kankan fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìbò. Ìhà méjèèjì ń bínú, wọ́n sì ń pe ara wọn ní ọ̀dàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà tí ẹni tí ó pa Jo Cox lò. A kò rí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó ń bèèrè ohun tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ ṣe nípa owó ilé, ìwé ìgbélùú àti ilé ìwòsàn. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síhìn-ín ń gbọ́. Wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì sọ fún wa mọ́ ẹni tí wọ́n ń dìbò fún.